Káfíńtà tó kan tábìlì réluwéè mi ní Táíwò
Ẹ̀yin ará Ìlọrin tẹ́ ẹ ń to réluwéè kékeré sínú ilé, ẹ lọ bá káfíńtà kan ní Táíwò o, ọwọ́ ẹ̀ mọ́ gan-an! Pílíwúùdù tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8 ló lò, ó wá fi igi gbà á lábẹ́ dáadáa torí tó bá fi lè tẹ̀ pẹ́nrẹ́n báyìí, wágùnù á kàn máa yẹ̀ kúrò lórí irin ni. HO ni wọ́n ń pe ìwọ̀n réluwéè tèmi, 1:87 ni, ìyẹn ni pé réluwéè gidi fi ìlọ́po 87 tóbi jù ú lọ, àlàfo àárín irin ẹ̀ ò ju mílímítà 16.5 lọ. Mo fẹ́ kọ́nà irin tí radius ẹ̀ (láti àárín òbìrípo ẹ̀ dé orí irin) jẹ́ ínṣì 22, torí kóòṣì gígùn ò lè gba kọ́nà ínṣì 18 rárá, kọ́nà náà sì wọ orí tábìlì ọ̀hún rẹ́gí. Owó iṣẹ́ káfíńtà náà wọ́n díẹ̀, ó tún pẹ́ kó tó gbé tábìlì wá. Àmọ́ ihò tí wáyà máa gbà, òun fúnra ẹ̀ ló rántí bi mí.