Wọ́n Ní Agbádá Lè Wọlé, Bàtà Bàbá Mi Ni Kò Lè Wọlé: Àgbéyẹ̀wò Ọkọ̀ Ìgbafẹ́ Láti Southampton sí Norway

Ọ̀rọ̀ bàtà ló mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Ẹ ò ní rí nǹkan púpọ̀ níbí nípa iye àjà tí ọkọ̀ náà ní tàbí bí odò ìlúwẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, torí ìyẹn kún ìwé ìpolówó wọn. Ohun tí ojú bàbá mi rí lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngán oúnjẹ ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tó tẹ̀lé e, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà ní ìlú ọba ló ń gbèrò láti gbé òbí wa gun irú ọkọ̀ yìí.

Dádì pé àádọ́rin ọdún. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, Ìjẹ̀bú-Òde ló ń gbé, ó wá kí wa ni. Fún ẹni tó bá fẹ́ gbé òbí láti ilé wá: Norway wà nínú Schengen, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, nítorí náà físà Schengen pọn dandan fún ẹni tó ń lo páálí Nàìjíríà, kí ẹ sì rí i pé físà ìlú ọba tí wọ́n fi wọlé ṣì máa gbà wọ́n láyè lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá padà gúnlẹ̀ sí Southampton. Èyí ni mo fi oṣù púpọ̀ sá kiri lé lórí. Ti aṣọ kò tilẹ̀ dààmú mi, torí mo ti pe ilé iṣẹ́ náà kí n tó sanwó. Ìwé òfin wọn ní lálẹ́ aṣọ ńlá, kí ọkùnrin wọ súùtù dúdú pẹ̀lú táì, tàbí aṣọ ìbílẹ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀. Mo bi obìnrin tó gbé fóònù pé, “Agbádá ńkọ́?” Ó ní inú àwọn á dùn láti rí i. Bí mo ṣe ki agbádá sínú àpótí nìyẹn.

Alẹ́ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ pé omi nìkan ló yí wa ká, ni alẹ́ aṣọ ńlá àkọ́kọ́. Dádì gbé ṣányán wọ̀, èyí tí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn, látorí fìlà dé ṣòkòtò. Iyùn wà lọ́rùn wọn. Bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ wọn jẹ́ ti awọ búráùn, aránbàtà kan ní Mushin ló ṣe é fún wọn. Ó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀ pátápátá, ó bo orí ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ nìkan ló hàn lẹ́yìn. Irú bàtà tí àwọn bàbá wa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó àti ìwúyè nìyẹn. Èmi fúnra mi ni mo kun ún ní pólíìṣì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà títí ó fi ń dán.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Ó ní aṣọ Dádì wu òun. Ìgbà tó ṣe, ojú rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fi bírò ọwọ́ òsì rẹ̀ tọ́ka sí ẹsẹ̀ bàbá mi, ó ní, “Ẹ má bínú sà, a kì í gba ọkùnrin tó wọ sáńdàlì láyè lálẹ́ yìí.”

Mo mọ̀ pé kò mọ̀ pé a kì í na ọwọ́ òsì sí àgbà. Síbẹ̀, ó dùn mí dé egungun.

Mo ní kì í ṣe sáńdàlì. Ó ní gìgísẹ̀ hàn. Mo ní aṣọ ìbílẹ̀ wa nìyí, ìwé yín sì gbà á. Ó ní aṣọ dára, aṣọ lè wọlé, bàtà ni kò lè wọlé. Bó ṣe wí i gan-an nìyẹn. Ta ló ń ya aṣọ ìbílẹ̀ kúrò lára bàtà tí wọ́n ń wọ̀ sí i? Bí a ṣe ń bá a lọ, obìnrin kan gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, bàtà wúrà olókùn tín-ín-rín ló wọ̀, gbogbo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wà níta, gìgísẹ̀ náà wà níta. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, ó wọlé. Ọkùnrin ará Scotland kan tẹ̀lé e nínú kílíìtì, aṣọ ìbílẹ̀ wọn tó dà bí síkẹ́ẹ̀tì, wọ́n kí òun náà káàbọ̀. Mi ò ní nǹkan kan sí àwọn méjèèjì, wọ́n múra, ó sì yẹ wọ́n. Bàbá mi nìkan ni wọ́n dá dúró lójú gbogbo èrò tó tò sẹ́yìn wa.

Wọ́n pe ọ̀gá kékeré kan wá. Òun gbé bàtà dúdú kan jáde láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní kí Dádì fi jẹun, kí wọ́n dá a padà tí wọ́n bá ti ṣe tán. Bàtà náà ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Dádì ní àwọn ò lè ki ẹsẹ̀ bọ bàtà ẹni tí àwọn ò mọ̀. Ọ̀gá kékeré yìí wá sún mọ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní tí mo bá lè sọ pé ẹsẹ̀ ń dun bàbá, òun á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ àìsàn ni, a ó sì wọlé. Mo gbà pé àánú ló ṣe é. Ṣùgbọ́n Dádì gbọ́. Wọ́n fi gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ dá a lóhùn pé ẹsẹ̀ àwọn ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n wá yíjú sí mi: “Àbẹ̀kẹ́, jẹ́ ká máa lọ. Mi ò lè torí oúnjẹ purọ́.”

Òkè la gbà lọ, síbi tí kálukú ti ń bu oúnjẹ fúnra rẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà níwájú wa pẹ̀lú sílípáàsì Dunlop àti ṣòkòtò péńpé, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti fi tírè gbé ìrẹsì, nínú ṣányán, lọ́jọ́ tí mo fi pọ́n wọn lé. Èmi ò lè jẹ nǹkan kan.

Mi ò sọ pé kí wọ́n pa òfin aṣọ rẹ́ o. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo fẹ́ràn kí ènìyàn múra lọ síbi oúnjẹ. Ẹni tó bá wù láti fi kánfáàsì àti jíǹsì jẹun alẹ́ ní ọkọ̀ tirẹ̀: Norwegian Cruise Line ti gbé ètò Freestyle jáde láti ọdún 2000, Virgin Voyages náà kò fi aṣọ ńlá ni ẹnikẹ́ni lára. Cunard ni ti ẹni tó fẹ́ kí gbogbo èrò múra tí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bá ti lù. Gbogbo rẹ̀ ló dára, bí wọ́n bá ti sọ fúnni tẹ́lẹ̀. Ohun tí mò ń bá jà ni òfin tó gba agbádá lórí ìwé, tó wá fi bàtà òyìnbó wọn ẹsẹ̀ ẹni tó wọ̀ ọ́, tó sì ń rí gìgísẹ̀ ọkùnrin ní èèwọ̀ nígbà tí ti obìnrin jẹ́ ẹwà.

Bergen ló kọ́kọ́ tù wá lára. Ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún la débẹ̀, ọjọ́ tí àwọn ará Norway ń ṣàjọ̀dún ìwé òfin ìjọba wọn ti ọdún 1814. Tọmọdé tàgbà ló wọ bunad, aṣọ ìbílẹ̀ wọn, tí ti agbègbè kan yàtọ̀ sí ti èkejì, fàdákà láyà, bàtà dúdú tó ní ìdè fàdákà lẹ́sẹ̀. Dádì gbé agbádá lé súwẹ́tà, wọ́n sì wọ bàtà Mushin yẹn. Ìyá àgbà kan dá wa dúró, ó fọwọ́ pa etí agbádá, ó bèèrè irú òwú tí wọ́n fi hun ún, ó ní ká jọ ya fọ́tò. Dádì ní, “Ṣé o rí i pé aṣọ wọn kò pé láìsí bàtà rẹ̀?”

A lọ sí Bryggen, àwọn ilé onígi etí omi tí UNESCO fi sínú ogún àgbáyé lọ́dún 1979. Ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò ará Jámánì ti fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ṣòwò òkòpóróko, ẹja gbígbẹ líle tí wọ́n ṣì ń kó wá sí Nàìjíríà dòní. Inú Dádì dùn débi pé wọ́n pe ẹ̀gbọ́n mi ní Ìjẹ̀bú lórí fídíò kí ó wá wo ibi tí ẹja inú ọbẹ̀ wa ti ń gbéra. Ní Geiranger, wọ́n jókòó ní báákónì yàrá wa, wọ́n ń wo omi Arábìnrin Méje (Seven Sisters) tó ń já bọ́ láti orí àpáta, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

A ò mọ̀ pé ọmọkùnrin tó ń tọ́jú yàrá wa, ọmọ Philippines tó ń pe Dádì ní “Papa”, ti lọ sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọ̀gá àgbà gbọ̀ngán oúnjẹ. Obìnrin ni ọ̀gá náà. Ó wá bá wa nídìí oúnjẹ àárọ̀, kò sì jókòó títí Dádì fi ní kó jókòó. Ìwé òfin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti fa ìlà sábẹ́ “aṣọ ìbílẹ̀”. Ó ní ìlà tó sọ ti sáńdàlì, ìsàlẹ̀ aṣọ ìgbafẹ́ ló wà, kò kan ẹni tó wọ aṣọ ìbílẹ̀. Wọ́n ṣi òfin lò fún wa. Kò ní “bí ó bá dùn yín”, kò ní “ẹ gbìyànjú láti lóye wa”. Ó ní àwọn ṣẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá mi, kì í ṣe lọ́wọ́ èmi tí mo sanwó. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí òṣìṣẹ́ tó mọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀.

Alẹ́ aṣọ ńlá kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin àkọ́kọ́ yẹn náà ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó bẹ Dádì. Dádì bi í níbi tó ti wá, ó ní Goa ní Íńdíà, ó sì ti pẹ́ tó ti rí ìyá rẹ̀. Dádì gbé ọwọ́ lé e léjìká, wọ́n súre fún un lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀, wọ́n tó wọlé. Wọ́n fi wá sídìí fèrèsé. Wọ́n gbé kẹ́ẹ̀kì ọjọ́ ìbí wá. Ata tí Dádì bèèrè, wọ́n lọ lọ̀ ọ́ tútù ni. Oúnjẹ Íńdíà ọkọ̀ náà dáa ju ti ilé oúnjẹ púpọ̀ tí mo mọ̀ ní London. Íńtánẹ́ẹ̀tì wọ́n, ó sì ń já.

Ìbá parí síbẹ̀, à bá ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn pé kí wọ́n tún ìlà bàtà inú òfin náà kọ kó má baà ṣe ẹlòmíì. Ìdáhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ ni pé ó ṣeni láàánú pé bàtà àlejò wa “kò dé ìwọ̀n” tí àwọn ń retí, kí n gba 50 pọ́ùn fún ìrìn àjò tó ń bọ̀. Obìnrin tó wà lórí omi ti ní àwọn ló jẹ̀bi. Àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì ní bàtà ló jẹ̀bi. Wọn ò tilẹ̀ ka lẹ́tà mi dé ìsàlẹ̀. Mo ti dá owó wọn padà, mo sì tún kọ̀wé.

Tí ẹ bá ń gbé bàbá yín lọ, ẹ má fi fóònù bèèrè. Ẹ fi ímeèlì bèèrè, ẹ dárúkọ bàtà náà, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sí i, kí ẹ tẹ èsì wọn sórí ìwé, kí ẹ mú un dání lọ sẹ́nu ọ̀nà.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5. Dádì ti ní ká wá àyè sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.