Àyẹ̀wò microRNA fún Àrùn Parkinson: Ohun tí Owó Wa Rà ní Wuse

Nígbà tí ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí wọ́n bá gbé e lé itan, tí ẹsẹ̀ wọn sì ń wọ́ nílẹ̀ bí wọ́n bá ń rìn, ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní Wuse, níhìn-ín ní Àbújá, ni a kọ́kọ́ lọ. Wọ́n ń polówó àyẹ̀wò kan níbẹ̀, tí wọ́n ní yóò fi microRNA inú ẹ̀jẹ̀ mọ̀ bóyá àrùn Parkinson, ìyẹn àrùn ọpọlọ tí ó lè mú ara gbọ̀n, ni. Owó rẹ̀ ju owó ilé oṣù mẹ́ta tí mo ń san ní Kubwa lọ.

Ìtọ́jú wọn dára, n kò ní parọ́. Ọmọbìnrin tí ó gba ẹ̀jẹ̀ kúnlẹ̀ kí wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, abẹ́rẹ́ yìí á dùn yín díẹ̀," ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó sì gún un tí ó fi rí iṣan. Bàbá mi, tí kì í fẹ́ fojú kan abẹ́rẹ́, ṣàdúrà fún un.

Ohun tí wọ́n ń tà kì í ṣe ìtàn àlọ́. Ègé kéékèèké RNA, ìyẹn èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tí ó fara jọ DNA, ni microRNA, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi nucleotide (ẹyọ tí a fi tò ó) 22 lọ, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti dá jíìnì lọ́wọ́ kọ́ kí purotéènì rẹ̀ má baà pọ̀ jù. Victor Ambros àti Gary Ruvkun, tí wọ́n kọ́kọ́ rí i lára aràn tín-ín-rín kan ní ọdún 1993, gba Ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2024. Méjì nínú àwọn microRNA, miR-7 àti miR-153, a máa dín alpha-synuclein kù, ìyẹn purotéènì tí ó ń dì pọ̀ nínú ọpọlọ àwọn tí Parkinson ń ṣe. Níwọ̀n bí microRNA ti ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀, tí kì í sì í tètè bàjẹ́ níbẹ̀, àwọn olùwádìí ń retí pé ẹ̀jẹ̀ lè sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ fún wọn.

Ibi tí mo ti bá wọn jà nìyí. Ọjọ́ Jímọ̀ ni a lọ; ẹni tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ náà sínú ẹ̀rọ tí ń yí i kí omi rẹ̀ lè ya sókè ti lọ kírun, ìgò náà sì wà lórí tábìlì títí ó fi dé. Nígbà tí wọ́n yọ ọ́ jáde, omi òkè rẹ̀, tí ó yẹ kí ó rí bí omi ògì, pupa bíi sóbò. Wọ́n ní kò sí wàhálà. Wàhálà wà: sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa ni ó ti bẹ́, òun fúnra rẹ̀ sì kún fún microRNA tirẹ̀, miR-451a àti miR-16, tí yóò ya bo gbogbo ohun tí a ń wá. Ó yẹ kí wọ́n dà á nù kí wọ́n gba òmíràn.

Èsì dé ní ojú ìwé mẹ́rin, pẹ̀lú àwòrán aláràbarà, ó ní "ó ṣeé ṣe." Dókítà ọpọlọ tí a gbé e lọ bá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní kí bàbá máa fi àtàǹpàkò kan ìka ìfábẹ̀là léraléra, kí wọ́n rìn lọ rìn bọ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn; lẹ́tà náà ń kéré sí i bí ó ti ń lọ. Ibẹ̀ ni ó ti mọ̀ pé Parkinson ni. Ó ṣàlàyé pé microRNA tí ìwádìí kan ní ó lọ sókè, òmíràn a ní ó wálẹ̀, àti pé ọjọ́ orí àti levodopa, oògùn tí a fi ń tọ́jú Parkinson, pàápàá lè yí i padà.

Mo fún ìtọ́jú wọn ní máàkì 4 nínú 5, mo fún àyẹ̀wò náà ní 1. Bí ó bá jẹ́ àyẹ̀wò ṣúgà, mo ṣì ń gbé bàbá lọ síbẹ̀.