Romania àti Ṣáínà: "bí i dandan" àti "má bí mọ́"

Ìjọba méjèèjì ló ki ọwọ́ bọ yàrá tọkọtaya, ọ̀nà wọn ló yàtọ̀.

Ní Romania, oṣù kẹwàá ọdún 1966 ni Nicolae Ceaușescu, olórí ìjọba Kọ́múníìsì ibẹ̀, fi Òfin 770 de oyún ṣíṣẹ́. Obìnrin tó ti lé ní ọdún 45, èyí tó ti bí ọmọ mẹ́rin, àti àwọn díẹ̀ mìíràn nìkan ni wọ́n yọ sílẹ̀. Iye ọmọ tí wọ́n bí ní 1967 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti 1966. Kò pẹ́ tó tún fi ń wálẹ̀. Àwọn obìnrin ti dá ọgbọ́n sí i. Ìjọba náà kò gbà. Láàárín àwọn ọdún 1980, dókítà ń lọ yẹ obìnrin wò níbi iṣẹ́, bóyá ó lóyún. Ẹni tó lé ní ọdún 25 tí kò bímọ ń san owó orí àfikún, tọkùnrin tobìnrin (àgàn ńkọ́?). Ó ju 9,000 obìnrin lọ tí oyún tí wọ́n ṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ pa.

Ní ti Ṣáínà, láti nǹkan bí 1980 títí di 2015, ọmọ kan ti tó. Ìtanràn ńlá ni fún ẹni tó bá kọjá rẹ̀, wọ́n sì fi tipá ṣẹ́ oyún fún ọ̀pọ̀. Ní ìgbèríko púpọ̀, bí àkọ́bí bá jẹ́ obìnrin, wọ́n lè bí èkejì.

Lójú tèmi, ìkà ò ju ìkà lọ níbẹ̀. Àmọ́ bí Ceaușescu ṣe ṣubú ní oṣù Kejìlá 1989 ni wọ́n fagi lé òfin rẹ̀. Ṣáínà rọra ń tú tirẹ̀: ọmọ méjì ní 2016, mẹ́ta ní 2021. Àwọn ọ̀dọ́ ò dá a lóhùn.