Barolo àti àwọn aládùúgbò rẹ̀: èwo ni kí ẹ rà nínú wáìnì Piedmont?

Ẹni tó bá ń wá wáìnì Piedmont, ní àríwá ìwọ̀-oòrùn Ítálì, Barolo ni yóò kọ́kọ́ bèèrè. Wáìnì ńlá ni. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, òfin sì ní kó lo oṣù 38, ó kéré tán, kí wọ́n tó tà á. Síbẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ìgò rẹ̀ kì í tíì rọ̀ lẹ́nu lọ́jọ́ tí ẹ rà á.

Bí ọkàn yín kò bá kúrò lára rẹ̀, ẹ fi Gattinara, wáìnì pupa Piedmont mìíràn, wé e. Àjàrà kan náà, Nebbiolo, ni olórí nínú méjèèjì. Spanna ni àwọn ará Gattinara ń pè é, ilẹ̀ òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ni wọ́n sì ń gbìn ín sí. Gattinara fúyẹ́ ju Barolo lọ, ó sì kan díẹ̀ sí i. Owó rẹ̀ sábà máa ń dín.

Nínú àwọn pupa mìíràn, Pelaverga ti ìlú Verduno pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń ta sánsán bí iyere. Òórùn òdòdó róòsì ni ti Ruchè, ọtí inú rẹ̀ sì le ju ti Pelaverga lọ. Àlùfáà ìjọ Castagnole Monferrato, Giacomo Cauda, ló gba Ruchè lọ́wọ́ ìparun ní àwọn ọdún 1960. Ruchè dé ipò DOCG, tó ga jù fún wáìnì ní Ítálì, ní 2010. Síbẹ̀, Pelaverga ni tèmi, pàápàá tó bá ti tutù díẹ̀. Ti Grignolino, ẹ má jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ tó rí bí zobo tí wọ́n fi omi là tàn yín: kóró inú àjàrà rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń há ahọ́n.

Funfun kan ló wù mí ju gbogbo wọn lọ: Timorasso. Àwọn àgbẹ̀ òkè Tortona ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì, torí pé kì í so dáadáa lọ́dọọdún. Cortese, àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe Gavi, ni wọ́n yíjú sí. Walter Massa, tó ń ṣe wáìnì níbẹ̀, ló gbé Timorasso dìde ní àwọn ọdún 1980. Gavi fúyẹ́, kíá la ń mu ún. Timorasso kún ẹnu, ó ń ta sánsán bí oyin, ó sì lè pé ọdún mẹ́wàá kó máa dára sí i. Ẹ wá Derthona, orúkọ àtijọ́ Tortona, lára ìgò. Ẹ ra méjì: ẹ ṣí ọ̀kan báyìí, kí ẹ fi ìkejì pamọ́ síbi tó tutù fún ọdún márùn-ún.