Àwòrán Ìṣàn Iṣẹ́ Inú Jira: Ohun Tí Mo Rí Lẹ́yìn Oṣù Mẹ́jọ Tí A Ti Ń Lò Ó

Láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́, àwa mẹ́sàn-án tí à ń ṣe sọ́fítíwíà ìsanwó fún ilé-iṣẹ́ kan ní Yaba, ní ìlú Èkó, ti ń fi àwòrán tí wọ́n ń pè ní cumulative flow diagram wo bí iṣẹ́ wa ṣe ń lọ. Inú Jira, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí ẹgbẹ́ fi ń tọpa iṣẹ́ wọn, tí ilé-iṣẹ́ Atlassian ti orílẹ̀-èdè Ọsirélíà gbé jáde ní ọdún 2002, ni a ti ń wò ó. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni ó ní àwòrán yìí lọ́wọ́ tí wọn kò tíì ṣí i wò rí, ó sì dùn mí púpọ̀, nítorí mo ti rí ohun tí ó ṣe fún wa.

Bí ẹ bá ṣí bọ́ọ̀dù yín, ìyẹn ojú ewé inú Jira tí a to iṣẹ́ sí ní òpó-òpó bí ìpele wọn ṣe rí, tí ẹ sì lọ sí apá Reports, ẹ óò bá a níbẹ̀. Ẹ kò ní kọ kóòdù kankan kí ó tó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ ni ó wà nísàlẹ̀ láti òsì sí ọ̀tún, iye tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a kọ sínú Jira, sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Òpó kọ̀ọ̀kan lórí bọ́ọ̀dù ní ọ̀já aláwọ̀ tirẹ̀, a sì to àwọn ọ̀já náà lé ara wọn: iṣẹ́ tí a ti parí wà nísàlẹ̀ pátápátá, èyí tó ń dúró de àyẹ̀wò tẹ̀ lé e, èyí tí a ń kọ lọ́wọ́ wà lórí ìyẹn, èyí tí a kò tíì fọwọ́ kàn sì wà lókè téńté. Bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ọ̀já ìsàlẹ̀ ń ga sí i.

Bí ọ̀já ṣe fẹ̀ tó ni kí ẹ máa wò. Bí ẹ bá fa ìlà láti ìsàlẹ̀ sókè ní ọjọ́ kan, ibi tí ó gba inú ọ̀já kan kọjá ni yóò sọ iye iṣẹ́ tó wà ní ìpele náà lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹ bá fà á ní ìbú, láti ibi tí iṣẹ́ ti dé ọwọ́ wa títí dé ibi tí ó ti bọ́ sínú èyí tí a parí, ẹ óò rí, ní ìfojúdá, iye ọjọ́ tí iṣẹ́ kan ń lò lọ́dọ̀ wa. Ìṣirò tó so méjèèjì pọ̀ ti pẹ́: ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, John D. C. Little, fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn ní ọdún 1961. Ó ní bí nǹkan bá ń lọ déédéé, tí iye tó ń wọlé àti iye tó ń parí sì dọ́gba, iye ohun tó wà nínú ètò kan, ní ìpíndọ́gba, jẹ́ iye tó ń wọlé lójúmọ́ ní ìlọ́po iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lò níbẹ̀. Bí tíkẹ́ẹ̀tì 24 bá wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan tó ń parí 3 lójúmọ́, ọjọ́ 8 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ohun tó wà lọ́wọ́ di 48, tí wọ́n sì ń parí 3 náà lójúmọ́, ọjọ́ 16 ni yóò di, bó ti wù kí gbogbo ènìyàn máa sáré tó. Ẹni tó bá ti wà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Third Mainland rí kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ tiwa gan-an ni ó jẹ́ kí n gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán yìí. Ní oṣù kejì tí a bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, àwọn alákòóso ń gbèrò láti gba ẹni méjì sí i tí yóò máa kọ kóòdù, nítorí pé iṣẹ́ kì í tètè jáde. Burndown tí à ń lò tẹ́lẹ̀, àwòrán tó ń fi bí iṣẹ́ tó kù ṣe ń dín kù hàn, kò sọ ju pé iṣẹ́ ṣẹ́ kù. Kò sọ ibi tí ó há sí. Ní ìpàdé àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣe àyẹ̀wò fún wa gbé àwòrán náà sójú ògiri, ó sì sọ fún olórí wa pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ọ̀já aláwọ̀ ewé yìí." Ọ̀já àyẹ̀wò ni. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti kúrò ní tíkẹ́ẹ̀tì 4, ó ti di 19, nígbà tí ọ̀já àwa tí à ń kọ kóòdù wà bí ó ṣe wà. Òun nìkan ni ó ń yẹ iṣẹ́ àwa mẹ́fà wò. Bí a bá gba ẹni méjì náà, à ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá ni, òkìtì tó wà níwájú rẹ̀ yóò sì tún ga sí i.

A fi gbèdéke lé òpó àyẹ̀wò: tíkẹ́ẹ̀tì 5, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó bá ti pé, ẹni tó parí kóòdù tirẹ̀ kò ní mú iṣẹ́ tuntun. Yóò lọ bá ọ̀dọ́bìnrin náà dá sí àyẹ̀wò. Ọgbọ́n kanban nìyẹn, èyí tí ó ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota ní Japan wá, lọ́dọ̀ Taiichi Ohno, tí David J. Anderson sì wà lára àwọn tó mú un wọ inú iṣẹ́ sọ́fítíwíà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí. Kò rọrùn fún àwọn kan nínú wa ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí wọ́n gbà pé kóòdù ni a gbà wọ́n fún, kì í ṣe àyẹ̀wò. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ọ̀já aláwọ̀ ewé náà ti tún di tẹ́ẹ́rẹ́, ìlà iṣẹ́ tí a parí sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, dípò bí ó ṣe máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ fún ọjọ́ mẹ́rin tí yóò sì fò sókè lójijì bí àtẹ̀gùn ilé.

Àwọn ibi tí ó kù sí náà wà. Iye tíkẹ́ẹ̀tì ni àwòrán náà ń kà, kì í wo bí iṣẹ́ ṣe tóbi tó: àtúnṣe ọ̀rọ̀ kan péré lójú ewé àti ètò ìsanwó tuntun tí yóò gba ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí kò bá kọ́kọ́ gé iṣẹ́ ńlá sí wẹ́wẹ́ kò ní rí òtítọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀já iṣẹ́ tí a ti parí tún máa ń ga débi pé yóò fún àwọn yòókù pa sókè, tí ojú kò fi ní rí wọn dáadáa. Ẹ dín ọjọ́ tí ẹ ń wò kù, tàbí kí ẹ yọ òpó yẹn kúrò, Jira gbà yín láyè láti ṣe méjèèjì. Bákan náà, kò lè tọ́ka sí tíkẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ó ti jókòó fún ogójì ọjọ́, nítorí àpapọ̀ ni ó ń fi hàn. Ẹni tó bá ń wá irú ìyẹn, Control Chart inú Jira kan náà ni kí ó wò.

Èyí tó léwu jù lọ wá láti ọwọ́ àwa tí à ń lò ó. Fún oṣù kan gbáko, àwọn kan nínú wa ń parí iṣẹ́ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọn kò sì ní sún tíkẹ́ẹ̀tì wọn títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àwòrán tí a sì rí lóṣù yẹn kò jọ ohun tó ṣẹlẹ̀ rárá. Mo tún bẹ àwọn ọ̀gá pé kí wọ́n má fi í ṣe pàṣán. Kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú àwòrán yìí. Bí òṣìṣẹ́ bá sì ti rí i pé wọ́n ń fi í wá ẹni tí wọn yóò bá wí, tíkẹ́ẹ̀tì yóò máa rìn lójú bọ́ọ̀dù láìjẹ́ pé iṣẹ́ rìn.

Ẹgbẹ́ ẹni méjì tàbí mẹ́ta kò nílò rẹ̀, wọ́n lè bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí tábìlì. Ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, láti ọ̀dọ̀ ayàwòrán dé ọ̀dọ̀ akọkóòdù dé ọ̀dọ̀ aláyẹ̀wò, ni mo gbà níyànjú pé kí ó bẹ̀rẹ̀ lónìí. Máàkì 4 nínú 5 ni mo fún un. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni àwa máa ń ṣí i, ọgbọ̀n ọjọ́ sẹ́yìn ni à ń wò, kì í sì í gbà wá ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ní ti ẹni méjì tí wọ́n fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀, ẹnì kan ni wọ́n padà gbà, aláyẹ̀wò sì ni. Oṣù tó kọjá ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.