Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Ilé Ajá Kan ní Ìkòròdú: Bí A Ṣe Yan Akọ fún Abo Ajá Mi

Ẹ̀pẹ́ ni oko adìẹ mi wà, ajá ló sì ń bá mi ṣọ́ ọ lálẹ́. Ní oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, mo gbé Tanímọ̀la, abo German Shepherd mi, gba ọ̀nà Ìtóìkín lọ sí ilé kan ní Ìkòròdú tí wọ́n ti ń sin ajá fún iṣẹ́, kí akọ wọn lè gùn ún. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti pé oṣù mẹ́jọ báyìí, mo sì ti rí wọn lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà mo lè sọ̀rọ̀.

Ọdún mẹ́ta ṣáájú, ibòmíràn ni mo ti gba akọ. Ìwé rẹ̀ pé, orí rẹ̀ tóbi, irun rẹ̀ ń dán, n kò sì béèrè iṣẹ́ tí ó ti ṣe rí. Ọmọ mẹ́fà ni abo mi bí. Bí àrá bá sán, mẹ́rin nínú wọn a sá wọ abẹ́ àgọ́ adìẹ. Ọ̀kan sì wà tí kò lè fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dìde dáadáa mọ́ nígbà tí ó pé oṣù mẹ́wàá. Dókítà ẹran ya àwòrán egungun rẹ̀, ó sì fi hàn mí pé orí egungun itan kò jókòó dáadáa nínú ihò ìbàdí, àìsàn tí àjogúnbá wà lára ohun tí ń fà á. Ó dùn mí gan-an, nítorí èmi ni mo yan bàbá wọn.

Ní Ìkòròdú, wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi títí wọ́n fi rí i bí abo mi ṣe ń ṣiṣẹ́. A máa ń sọ pé ẹni bíni là ń jọ, ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ọmọ ajá, bàbá nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń wò, bẹ́ẹ̀ ìyá ló ni ìdajì ohun tí ọmọ jogún, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ó sì ti ń kọ́ ìgboyà tàbí ojo ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Wọ́n rí i pé Tanímọ̀la yára gbó jù, wọ́n sì yan akọ tí ó máa ń dákẹ́ wo nǹkan kí ó tó gbó. Wọ́n tún ṣe àyẹ̀wò brucellosis fún àwọn méjèèjì, nítorí àrùn náà ń ba oyún ajá jẹ́, ó sì lè ran ènìyàn.

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni akọ náà. Bí ó ti dúró, ọmọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ju ọmọrí ìkòkò ńlá kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lórí kọnkéré. Ajá náà fò sẹ́yìn, ìrù rẹ̀ wálẹ̀. Ọkàn mi ti ń kúrò lára rẹ̀ nígbà tí ó yíjú padà, tí ó rọra lọ bá ọmọrí náà, tí ó gbóòórùn etí rẹ̀ yíká, tí ó sì fi imú tì í. Ọ̀gá wọn ṣàlàyé pé kò sí ajá tí ariwo kì í dẹ́rù bà. Bí ó ṣe tètè padà wá wo ohun tó dẹ́rù bà á ni kí n máa wò. Nígbà tí Max von Stephanitz, ọkùnrin tó dá irú ajá German Shepherd sílẹ̀, ra ajá tí ó pè ní Horand von Grafrath ní Jámánì lọ́dún 1899, ajá tí orúkọ rẹ̀ ṣíwájú nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ irú ajá yìí, iṣẹ́ àti làákàyè ni ó gbé lékè ẹwà. Inú mi dùn pé àwọn kan ṣì rántí.

Ọmọ méje ni Tanímọ̀la bí lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ 63, mo sì mú méjì nínú wọn fún ara mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ìjì ṣí páànù àgọ́ kan, tí ó ń gbá a mọ́ igi, ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ sá sẹ́yìn mi. Kò pẹ́ tí ó jáde lọ gbóòórùn páànù náà nínú òjò.

Ohun kan ni n kò lè gbójú fò. Nígbà tí mo béèrè àwòrán egungun ìbàdí akọ náà, èsì wọn ni pé ó ń sáré dáadáa. Ajá lè máa sáré kí àbùkù sì wà ní ìbàdí rẹ̀. Ó yẹ kí n ti dúró lórí ọ̀rọ̀ mi lọ́jọ́ náà. Bí Tanímọ̀la bá tún ń wá akọ, ọ̀dọ̀ wọn ni màá padà sí, ìyẹn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi àwòrán yẹn hàn mí.