Ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta làǹpù gíláàsì aláràbarà n'Ílọrin o!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀ ka èyí ẹ jọ̀ọ́, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn làǹpù tòkúnbọ̀ yẹn, èyí tí wọ́n fi òjé to gíláàsì wẹ́wẹ́ pọ̀ bíi fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ra ọ̀kan lápá Taiwo lóṣù tó kọjá, ₦45,000, màmá mi ni mo rà á fún torí pé àwọ̀ pupa ara ẹ̀ jọ ìlẹ̀kẹ̀ lántánà tí bàbá wọn fi ṣiṣẹ́ ṣe nígbà ayé wọn.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń tà á ti tàn án sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, iná yẹn mọ́lẹ̀ débi pé mi ò lè tẹjú mọ́ ọn. Mo ní ṣé kò pọ̀ jù, ó ní "Àǹtí, gíláàsì yìí ki, 100 watt ni wọ́n ń lò sí i lókè òkun." Ó tún ta gílóòbù ọ̀hún méjì fún mi, ti àtijọ́ tó máa ń gbóná yẹn. Irọ́ gbuu ló pa fún mi!

A délé, NEPA mú iná wá, a tàn án, kò tíì pé wákàtí kan tá a ti ń gbóòórùn bí ìgbà tí ọ̀rá bá já síná. Ìgbà tí mo máa wò ó, mẹ́ta nínú àwọn pupa yẹn ti rọ̀, wọ́n ti tẹ̀ wọnú. Ṣé gílóòbù lásán lè yọ́ gíláàsì ni? Ike ni! Gíláàsì ibẹ̀ ti fọ́, ó fi ike dí i, iná rẹpẹtẹ yẹn ni ò jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Mo wá tú gílóòbù, mo fi tọ́ọ̀ṣì fóònù wo inú hóódà, mo rí ibi tí wọ́n ti fi èékánná ha síkà kúrò, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, "MAX 4" ló ṣẹ́ kù, wọ́n ti ha òdo ẹ̀ lọ, ìyẹn ni pé gílóòbù inú ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju 40 watt lọ.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó sanwó ẹ ní kó pa iná yẹn ná, kẹ́ ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kan gíláàsì yẹn níkọ̀ọ̀kan, ti gidi á dún kíń, ike á kàn dún kọ̀. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí hóódà. 40 watt ti àtijọ́ ti tó ọ̀pọ̀ làǹpù orí tábìlì, bí gíláàsì ẹ̀ bá dúdú tí hóódà sì gbà á, 60. Tó bá jẹ́ LED lẹ fẹ́, lumen, ìyẹn bí iná ẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó, ni kẹ́ ẹ wò lára páálí, bíi 450 ló dọ́gba pẹ̀lú 40 watt, 800 pẹ̀lú 60, kì í sì gbóná tó ti àtijọ́. Èyí tí gíláàsì ẹ̀ bá mọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ dín in kù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gílóòbù fúnra ẹ̀ lẹ ó máa rí dípò àwọ̀. Iná tó pọ́n díẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà, 2700K (nọ́ńbà tó ń sọ àwọ̀ iná), torí 6500K tó funfun báláú yẹn máa ń pa pupa àti yẹ́lò. Gílóòbù tó bá sì bá làǹpù wá láti Amẹ́ríkà, 120 volts ni, ẹ má fi sí tiwa, á jó lójú ẹsẹ̀.

Mo padà lọ bá a, ó ní òun kì í gba ọjà padà. Ó ṣì ní méjì nílẹ̀, ọ̀kan ní labalábá aláwọ̀ ewé lára, 100 watt ló wà nínú ẹ̀ tó ń tàn nígbà tí mo kúrò níbẹ̀ ní Sátidé.